Èèkù Àdá

Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí.
Ẹ̀rù bà mí dé eyín.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò lọ́wọ́, èmi ni mo lọ́wọ́,
méjì, tí ẹní híhun ti sọ di líle,
ọwọ́ obìnrin Ògòtún tó mọ okùn fún.

Ẹ̀rọ ìgégi ni. Wọ́n ń gé ìrókò lóko Baba Ọ̀ṣúntókí,
nísàlẹ̀ òkè, níbi tí fóònù kì í ti í mú.
Ẹ̀rọ ta padà, ó gé Dáhùnsi nítan,
ó bọ́ sílẹ̀, ó ń kùn lọ
bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò kán. Ó ń tú.
Bí ọkàn rẹ̀ bá ti lù, a tú,
a sinmi díẹ̀, a tún tú,
pupa fòò, lórí ewé kòkó gbígbẹ.

Ẹnì kan ní kí a bu epo òyìnbó sí i.
Ẹnì kan ń já ewé. Ẹnì kan ń pe Jésù;
mo ní kó máa pè é lọ,
ṣùgbọ́n kó máa sáré wá mọ́tò.
Mo tú ìborùn mi, mo ká a, mo kì í bọ ojú ọgbẹ́,
mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gùn ún, ìgbọ̀nwọ́ gan,
gbogbo ara mi, ìwúwo ọdún méjìléláàádọ́ta.
"Ṣí i ká wò ó," Àlàdé wí.
Ọgbẹ́ kì í ṣe ọbẹ̀ tí à ń ṣí wò.
Aṣọ rin, mo fi òmíràn lé e, mo tún tẹ̀ ẹ́.
Síbẹ̀ ó ń gba àárín ìka mi jáde,
ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.
Mo ti fi ọwọ́ yìí wẹ ọmọ yìí rí.

Nígbà náà ni mo rántí nọ́ọ̀sì Ọmọ́ladún
àti ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ àga kọ́ wa,
tí a ń rẹ́rìn-ín, tí a ń jẹ ẹ̀pà.
Àlàdé bá mi tẹ ọgbẹ́. Mo tú ọ̀já inú mi,
mo so ó sókè ọgbẹ́, níhà ìbàdí,
mo wá igi tí n ó fi lọ́ ọ.
Igbó kún fún igi: tútù ń tẹ̀, gbígbẹ ń kán.
Èèkù àdá kan ló wà nílẹ̀,
àdá ti yọ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.
Wọ́n ní kí ọwọ́ ẹni ó tẹ èèkù idà
kí á tó bèèrè ikú tó pa baba ẹni.
Ikú ń bẹ níwájú mi. N kò bi í ní nǹkan kan.
Mo lọ́ èèkù. Mo tún lọ́ ọ.
Dáhùnsi ké, ó bú mi, ó bú ìyá mi,
tí í ṣe ìyá-ńlá tirẹ̀.
Mo lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó dá.

Tìróò wà nínú àpò mi;
mo fi kọ aago sí iwájú orí rẹ̀:
mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje.
Nínú ọkọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó gbé wa lọ sí Adó
ó ń wí pé, "Ẹ gbé mi rè ulé,"
ulé, bí a ti ń pè é nígbà tó wà ní kékeré,
kí ilé ìwé tó kọ́ ọ ní "ilé".
Dókítà ka iwájú orí rẹ̀ kó tó bi wá léèrè ọ̀rọ̀.
Àlàdé tó fẹ́ ṣí i wò, ó na apá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fún un.
Omi dànù, agbè ò fọ́.

Ó ń tiro báyìí. Ó ń jẹ iyán mi.
Ó ní òun fẹ́ ki àdá tuntun bọ inú èèkù yẹn,
mo ní kó lọ wá òmíràn.
Ọ̀já ọ̀hún, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà.
Ẹní mi nìkan ni àwọn oníbàárà ń ráhùn lé lórí:
wọ́n ní láti ìgbà òjò tó kọjá,
mo ń fún un jù.